Gbà Mí Kì Í Ṣe Gbá Mi

Ìwọ tí ìwé pélébé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, bóyá lójú títì ni wọ́n ti fún ọ, bóyá ńṣe lo bá a lórí ìjókòó, jọ̀wọ́ má tíì fi pọ́n ẹ̀pà. Ìtàn inú rẹ̀ kò gùn. Ìtàn ọkùnrin kan ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń pa ènìyàn lẹ́kún, tí kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ Ọlọ́run.

Ọláníyan ni orúkọ rẹ̀. Ní àwọn ọdún tí ilé ń hù bí olú lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀ Lekki sí Ẹ̀pẹ́, Igbó Ẹfọ̀n ló ń gbé, òun àti Rẹ̀míláyọ̀ ìyàwó rẹ̀ àti Ṣèyílọ́lá ọmọ wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa kọ orin sínú fíìmù. Kì í ṣe orin ijó o. Orin tó máa ń wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ ni, èyí tí ẹni tó ń wòran kì í tilẹ̀ mọ̀ pé òun ń gbọ́: ogún fàyólìn, sẹ́lò mẹ́fà, ìyẹn fàyólìn ńlá olóhùn ìsàlẹ̀, fèrè oríṣiríṣi, àti ọgọ́ta ènìyàn tó ń fi ohùn mẹ́rin kọrin pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí o bá ti wo fíìmù rí, tí ìyá kan kàn jókòó lásán tí kò sọ nǹkan kan, tí omi sì dà lójú rẹ, mọ̀ dájú pé kì í ṣe ìyá yẹn ló pa ọ́ lẹ́kún. Olórin ni. Ó ti jókòó síbì kan ṣáájú ọjọ́ náà, ó ti ṣírò ìgbà tí omijé rẹ máa jáde, ó sì fi fàyólìn pè é.

Ọláníyan mọ iṣẹ́ yìí, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Ó máa ń sọ pé kò sí ẹni tí òun kò lè mú sọkún láàárín ìṣẹ́jú méjì, àfi òkú. Nígbà kan, onílé rẹ̀ wá bá a jà nítorí ariwo jẹnẹrétọ̀. Ọláníyan ní kó jókòó, ó fi orin kan sí i létí, baba náà nu ojú rẹ̀, ó sì padà sílé láìparí ìjà. Ọláníyan sọ ìtàn yìí kiri títí tó fi sú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Bí o bá wá bá a sọ̀rọ̀ ìgbàlà, ẹ̀rín ni yóò fi rín ọ. Bàbá rẹ̀ tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì fún ọgbọ̀n ọdún ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọláníyan ní abẹ́ dùùrù ni òun ti kọ́ ìrákòrò, ta ló tún fẹ́ máa fi Jésù han òun? Ó mọ orin ìsìn ju àlùfáà lọ. Ó mọ ibi tí ohùn kejì ti ń yà kúrò lára ohùn kìn-ín-ní, ó sì mọ ìlà tí àwọn ìyá àgbà ti máa ń nu ojú.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń sin bàbá yìí kan náà, tí gbogbo ọmọ ń sunkún lẹ́bàá sàréè, Ọláníyan fi wọ́n sílẹ̀, ó lọ bá àwọn tó ń fọn fèrè, ó ní ohùn ẹnì kan nínú wọn kò bá ti àwọn yòókù mu. Ó dúró tì wọ́n títí wọ́n fi tún un ṣe. Nígbà tó fi máa padà, wọ́n ti da yẹ̀pẹ̀ bo pósí. Rẹ̀míláyọ̀ kò gbàgbé ọjọ́ náà. Ojú tì í nítorí ọkọ rẹ̀, inú sì bí i.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọtí àti àgbèrè nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀. Ìgbéraga kan wà tí kì í mutí, tí kì í sùn síta, tó ń wọ aṣọ funfun lọ́jọ́ Àìkú, tó sì ń jókòó ní ìlà iwájú. Òun ló le jù láti wò sàn, nítorí ẹni tó ní in kò gbà pé ara òun kò yá.

Nígbà tó di ọdún kan, Ọ̀gá Akínbọ̀dé tó jẹ́ olùdarí fíìmù gbé iṣẹ́ ńlá fún Ọláníyan. Fíìmù nípa ìyàwó apẹja kan ní Eleko létí òkun ni. Ọkọ rẹ̀ àti ọmọkùnrin rẹ̀ méjì bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi láàárọ̀, òkun kò sì dá wọn padà. Ní ìparí, obìnrin náà rìn lọ sétí òkun, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, kò sọ ohunkóhun. Àwọn akọrin ni yóò bá a sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré: Olúwa, gbà mí.

Ọláníyan fi odidi ọdún kan kọ orin náà. Ó kó àwọn akọrin jọ láti inú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì agbègbè Ajah. Ọ̀kan nínú wọn ni Samson Ògúnlànà, ọmọ Ìkirè, tó ń lẹ táìsì mọ́lẹ̀ nínú àwọn ilé tuntun tí wọ́n ń kọ́ kiri. Ohùn báàsì ni Samson ń kọ. Kò sí bó ṣe lè fọ ọwọ́ tó kí sìmẹ́ǹtì má ṣẹ́kù sí èékánná rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n ń fi orin náà dánra wò, Samson nawọ́ sókè. Ó ní kí Ọ̀gá má bínú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ń dun òun létí. Ọláníyan ní kó sọ ọ́ kíá.

"Ọ̀gá, ibi tí ohùn wa ti lọ sókè jù lọ yẹn, orí 'gbà' ni ẹ gbé e sí. Lẹ́yìn náà ni ó wá sọ̀ kalẹ̀ sórí 'mí'. Mí-re nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yìí, dò-mí ni. Bí a ṣe ń kọ ọ́ yìí, 'gbá mi' ni à ń sọ. À ń sọ fún Olúwa pé kó gbá wa."

Àwọn obìnrin tó ń kọ ohùn òkè fi ìwé orin bo ẹnu. Ojú Ọláníyan korò. Ó bi Samson bóyá òun ti tọ̀ ọ́ lọ rí níbi tó ti ń lẹ táìsì láti sọ fún un pé táìsì rẹ̀ wọ́. Ó ní ọ̀pọ̀ orin ìsìn tí a jogún ló ń yí ohùn ọ̀rọ̀ padà, ẹnikẹ́ni kò sì rẹ́rìn-ín rí. Samson dáhùn jẹ́jẹ́ pé àwọn orin yẹn, láti kékeré ni a ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbọ́ èyí rí. Ọláníyan ní ẹni tí ogún fàyólìn bá ń sunkún sí létí kò ní ráyè àmì ohùn. Ó gbé ọ̀pá ìdarí sókè, ó ní kí wọ́n máa bá iṣẹ́ lọ.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà burú ni pé Ọláníyan mọ̀ pé òtítọ́ ni Samson sọ. Yorùbá ni òun náà. Kí Samson tó jókòó ló ti gbọ́ ọ létí ara rẹ̀, gbangba. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi "gbà" sísàlẹ̀, gbogbo òkè tó ti fi fàyólìn gùn láti ìṣẹ́jú mẹ́fà máa wó sínú kòtò, ó sì máa ní láti tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó máa ní láti sọ fún ẹni tó ń lẹ táìsì pé, "O ṣeun, mo ṣàṣìṣe." Ọ̀rọ̀ yìí kò sí lẹ́nu rẹ̀. Ó fi orin náà sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù náà han àwọn tí wọ́n pè, ní ilé sinimá kan ní Lekki. Ilé kún. Ọ̀gá Akínbọ̀dé pe àwọn ìyá díẹ̀ láti Eleko pẹ̀lú, àwọn tí wọ́n ya àwòrán wọn nígbà tí wọ́n ń yan ẹja, kí wọ́n lè wá wo ara wọn. Ọláníyan jókòó sí igun kan. Kò wo fíìmù. Ojú àwọn ènìyàn ló ń wò, ó ń ṣọ́ ẹni tó ń fa áńkáṣíìfù yọ.

Gbogbo nǹkan ń lọ bó ṣe fẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi kò padà, ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Nígbà tí obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí rìn lọ sétí òkun, tí sẹ́lò mẹ́fà ń tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀, ènìyàn ti ń fa imú káàkiri. Ó gbé ọwọ́ sókè. Fàyólìn gòkè, ó gòkè, ó tún gòkè, ọgọ́ta ènìyàn sì la ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà: Olúwa, gbáaaa mi.

Màmá kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Sìmbíátù, ọ̀kan nínú àwọn ará Eleko, sọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn. Màmá náà kò ṣeré. Àánú obìnrin inú fíìmù ló ń ṣe é, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ gidigidi.

"Kí Olúwa gbá a kẹ̀? Lẹ́yìn gbogbo ìyà tó ti jẹ yìí?"

Ẹnì kan lẹ́yìn wọn dá a lóhùn pé, "Etí ni, Màmá. Kò ní í fi ìgbálẹ̀ gbá a." Ló bá di ẹ̀rín. Ẹ̀rín náà bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó dé iwájú. Àwọn tí omijé ṣì wà lójú wọn ló rẹ́rìn-ín jù. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Ọláníyan kọ gbólóhùn yẹn sínú orin, ìkọ̀ọ̀kan ga ju ti ìṣáájú lọ. Kò sí bó ṣe lè sáré lọ dá a dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin ni ilé fi ẹ̀rín gbà á, obìnrin tó pàdánù ọkọ àti ọmọ sì dúró sétí òkun, ó ń na ọwọ́ sí Ọlọ́run bí aláwàdà.

Kí ọjọ́ méjì tó pé, ó ti wà lórí fóònù gbogbo ènìyàn. Àwọn tí kò mọ Ọláníyan rí ń pè é ní Ọ̀gá Gbá-mi. Ọ̀gá Akínbọ̀dé kò pariwo mọ́ ọn. Ó kàn sọ fún un pé ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí fíìmù jáde fún gbogbo ìlú, bí òun kò bá rí orin tó dára gbà títí di ọjọ́ náà, òun máa mú ti ẹlòmíràn.

Jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí. Odidi ọdún kan ni ọkùnrin yìí fi kọ ọ́ sínú ìwé pé kí Olúwa gbá òun. Olúwa kì í ṣe adití.

Ṣé o rò pé ó kẹ́kọ̀ọ́? Rárá. Ńṣe ló wá ẹni tó máa di ẹ̀bi lé lórí. Ó wa mọ́tò lọ sí ọ̀nà Ibeju-Lekki, níbi tí Samson ti ń ṣiṣẹ́ nínú ilé alájà mẹ́ta kan tí kò tíì ní wíńdò. Ó bá a lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi òòlù rọ́bà kan táìsì mọ́lẹ̀. Ọláníyan bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní Samson ló fi ẹnu kó bá iṣẹ́ òun. Ó ní Samson ló kọ́ àwọn akọrin yòókù láti tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ náà kí ojú lè ti òun. Samson jẹ́ kó sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ó ní òun kò ṣe bẹ́ẹ̀, ó dun òun nígbà tí òun gbọ́ pé wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó wá fi òòlù kan táìsì kan, ó dún dòò. Ó kan èkejì, ó dún kò-kò-kò.

"Ọ̀gá, ẹ wo àwọn méjèèjì. Lójú, wọ́n dọ́gba. Èyí tó ń dún kò-kò-kò yìí, sìmẹ́ǹtì kò sí lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n á máa gbóríyìn fún un títí ẹni tó wúwo á fi tẹ̀ ẹ́. Ẹ dákun, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Láti ogún ọdún tí ẹ ti ń kọ 'gbà mí' fún àwọn ẹlòmíràn, ṣé ẹ ti sọ ọ́ rí fún ara yín?"

Ọláníyan bi í bóyá òun wá síbẹ̀ wá gbọ́ ìwàásù. Samson ní kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n Jésù tí Ọ̀gá ń fi orúkọ rẹ̀ dá orin kú nítorí Ọ̀gá náà, kì í ṣe nítorí obìnrin inú fíìmù. Ọláníyan yí padà pẹ̀lú ìbínú, ó tẹ táìsì tí sìmẹ́ǹtì rẹ̀ kò tíì gbẹ kọjá, ó sì lọ.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án wá di ìyà. Ó fi "gbà" sísàlẹ̀, ó fi "mí" sókè, ó tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀mí. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń pe ẹni tó ń ta omi. Ó mú fàyólìn kúrò, ó dá a padà. Ó fi ìlù sí i, ó yọ ọ́. Ó mú un lọ sókè, ó mú un wá sísàlẹ̀. Ó kọ mẹ́wàá, ó fà wọ́n ya. Ó kọ ogún. Gbogbo ọgbọ́n tó ń lò fún àwọn ẹlòmíràn ló lò, kò sì sí èyí tó ṣiṣẹ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó gbọ́ orin ara rẹ̀, kò sì ba òun fúnra rẹ̀ nínú jẹ́ rárá. Inú bí i sí orin, ó bí i sí aládùúgbò tó ń gúnyán, ó bí i sí Ṣèyílọ́lá tó ń ka ìwé sókè. Ó pariwo mọ́ ọmọ náà títí ó fi sá wọ inú ilé ìdáná.

Rẹ̀míláyọ̀ jáde sí i. Kò pariwo.

"Bàbá Ṣèyí, láti ọdún mẹ́tàlá tí a ti fẹ́ra, n kò tíì gbọ́ kí ẹ bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ kì í bẹ èmi, ẹ kì í bẹ ọmọ, ẹ kì í bẹ Ọlọ́run. Kí ni ẹ wá fẹ́ fi kọ ẹ̀bẹ̀?"

Ọláníyan ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀, ó sì jókòó síwájú ìwé òfìfo. Ọ̀rọ̀ náà ta á, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ Samson mọ́, kò sì lè sọ pé ìyàwó òun kò mọ òun.

Ọjọ́ kẹjọ pé. Ó pe gbogbo akọrin wá ní aago mẹ́wàá àárọ̀ sí yàrá tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ọlábùnmí, obìnrin tó ti ń bá a gba ohùn láti ọjọ́ pípẹ́, wà nídìí ẹ̀rọ lẹ́yìn gíláàsì. Wọ́n kọ orin náà, èyí tó jẹ́ ìkọkàndínlógójì tí ó ti kọ. Kò sí ẹni tó lè fi í rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó lè fi í sunkún pẹ̀lú. Ó ní kí wọ́n tún un kọ. Wọ́n tún un kọ. Ó ní ohùn wọn gbẹ. Ó bi wọ́n bóyá bí ẹni tí omi ń gbé lọ ṣe máa ń ké nìyí, àbí oúnjẹ ni wọ́n ń bèèrè. Wọ́n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹsàn-án, ó ju ọ̀pá ìdarí mọ́ ògiri, ó ní aláìní-ọkàn ni gbogbo wọn.

Ó yẹ kí o mọ̀ pé púpọ̀ nínú àwọn akọrin yìí kò lè ka ìwé orin. Àṣà wọn ni pé olùdarí á kọ́kọ́ kọ ìlà kan sí wọn létí, àwọn á sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Ọláníyan ti ń ṣe láti ogún ọdún. Ṣùgbọ́n nítorí ìbínú àti ìkánjú, ó ti fi èyí ránṣẹ́ sí wọn nínú ìwé ní dò-re-mí. Samson ló sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gá, ẹ ò tíì kọ èyí fún wa lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ ká gbọ́. Bí ẹ bá ti kọ ọ́ ni àwa náà máa kọ ọ́."

Kò sí àfojúdi nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ni. Ọláníyan dúró dáadáa, ó fa èémí, ó la ẹnu. "Olúwa" jáde dáadáa. Èyí tó kù kò jáde. Ó wú ikọ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. "Olúwa." Ó ṣe é nígbà kẹta, ọgọ́ta ènìyàn ń wò ó, wọ́n ń dúró láti gbà á lẹ́nu rẹ̀. Òógùn bò ó nínú yàrá tó tutù.

Kò rí ìmọ́lẹ̀, kò gbọ́ ohùn láti ọ̀run. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i kò ju pé ó yé e. Ó yé e pé ọ̀rọ̀ tó ti ń fi sẹ́nu àwọn ènìyàn láti ogún ọdún, òun gan-an ló ni ín, òun kò sì sọ ọ́ rí nítorí òun kò gbà pé òun nílò rẹ̀. Ó rí bàbá rẹ̀ nínú pósí, ó rí ara rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn afọnfèrè. Ó rí Ṣèyílọ́lá tó ń sá fún un. Ó kúnlẹ̀ sáàárín àwọn okùn ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó sì sọ ọ́. Kò kọ ọ́ lórin. Ohùn rẹ̀ ha, ó kéré, kò sí adùn kankan níbẹ̀.

"Olúwa, gbà mí."

Samson wá kúnlẹ̀ tì í. Ó sọ fún un ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ Jésù ti san gbèsè ìgbéraga náà lórí igi àgbélébùú, kò sí ohun tó kù kí Ọláníyan ṣe ju kó jẹ́wọ́, kó sì gbà á. Ọláníyan jẹ́wọ́. Kò fi ewì ṣe é. Ó ní ẹlẹ́ṣẹ̀ ni òun, ó ní òun ti fi orúkọ Ọlọ́run wá ìyìn fún ara òun, ó ní kí Jésù dárí ji òun, kí ó sì máa ṣe olúwa òun láti òní lọ. Ó sunkún débi tí kò fi lè sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn kan nínú akọrin ń gbàdúrà, àwọn kan ń wo ilẹ̀ nítorí wọn kò mọ ibi tí wọ́n máa wò.

Nígbà tó dìde, Ọlábùnmí ti jáde láti ẹ̀yìn gíláàsì. Ó ní ẹ̀rọ ṣì ń gba ohùn nígbà tí ó ṣẹlẹ̀. Ó padà lọ tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wọn gbọ́. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin lọ: ohùn ọkùnrin kan tó ha, ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Irun orí gbogbo wọn dìde.

"Ọ̀gá, ohun tí à ń wá nìyẹn," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká fi sí i bó ṣe wà."

Ọláníyan mọ̀ pé òtítọ́ ni. Etí rẹ̀ kò tíì kú. Bí ó bá fi sẹ́lò kan ṣoṣo sábẹ́ ohùn yẹn, kò sí ẹni tó máa lè jókòó sórí àga ní ilé sinimá kankan. Ìyá Sìmbíátù fúnra rẹ̀ máa sunkún dé Eleko. Wọn ò ní pè é ní Gbá-mi mọ́. Kí ó tó mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti mú pẹ́ńsù, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí fi ìka ka ìlù. Lẹ́yìn náà ló rí ọwọ́ ara rẹ̀. Ó fi pẹ́ńsù sílẹ̀, ó ní kí Ọlábùnmí pa á rẹ́.

Ọlábùnmí rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. Ó bi í bóyá orí rẹ̀ pé. Ó rán an létí pé ọ̀la ni wọ́n máa gba iṣẹ́, pé odidi ọdún kan ni gbogbo wọn ti fi ṣe é, pé kò sí nǹkan mìíràn tí wọ́n lè fún Ọ̀gá Akínbọ̀dé. Ọláníyan ní òun mọ̀.

"Fíìmù kọ́ ni mo sọ ọ́ fún, Ọlábùnmí. Ẹni tí mo sọ ọ́ fún ti gbọ́."

Ọlábùnmí pa á rẹ́. Ó bínú, ó sì jáde láìdágbére.

Mo lè purọ́ fún ọ pé Ọlọ́run fi fíìmù mẹ́wàá rọ́pò ọ̀kan fún un. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá Akínbọ̀dé mú orin ẹlòmíràn, fíìmù jáde, orúkọ Ọláníyan kò sí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá tí ẹnikẹ́ni kò pè é síbi iṣẹ́. Inú ṣì máa ń tètè bí i. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó yípadà, ó délé, ó jókòó sílẹ̀ níwájú Rẹ̀míláyọ̀ àti ọmọ rẹ̀, ó sì bẹ̀ wọ́n. Kò mọ̀ ọ́n bẹ. Ó ń ta kókó, ó ń tún ọ̀rọ̀ kan sọ lẹ́ẹ̀mejì. Rẹ̀míláyọ̀ sọ fún àwọn ènìyàn pé òun kò gbọ́ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìwọ ńkọ́?

Jọ̀wọ́ má sọ fún mi pé o máa ń sunkún bí akọrin bá ń kọrin nínú ìsìn. Ó ti sú mi láti máa gbọ́ ọ. Mo ti rí ọ̀pọ̀ yín tí áńkáṣíìfù yín rin gbindin lọ́jọ́ Àìkú, tí ẹ sì padà síbi irọ́, ìkórìíra àti ìgbéraga yín láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Omijé nìkan kì í ṣe ìrònúpìwàdà. Àlùbọ́sà náà ń mú un jáde. Kì í ṣe bí ọkàn rẹ ṣe rọ̀ tó ni Ọlọ́run ń bèèrè, bí kò ṣe bóyá o ti yí padà, bóyá o ti gba Ọmọ rẹ̀ tó kú fún ọ.

Nínú fíìmù, bí ewu bá ń bọ̀, orin á ti kìlọ̀ fún ọ. Bí ìgbà ìpinnu bá dé, fàyólìn á gòkè, akọrin á la ẹnu, o ó sì mọ̀ pé ibi tó ṣe pàtàkì la dé yìí. Ilé ayé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí Ọlọ́run pè ọ́ lè jẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun lásán, tí òòrùn mú, tí ẹsẹ̀ ń dùn ọ́, tí kò sì sí orin kankan. Ọjọ́ tí o máa kú náà lè rí bẹ́ẹ̀. Má dúró de orin. Pe Jésù nísinsìnyí, ní irú ohùn tí o bá ní.